Kí ìjọba Filipíìnì fún àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Danao níṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹni yẹn ní ní orílẹ̀-èdè Filipíìnì gbogbo èèyàn ló ní ìbọn nílé, pé òfin wọn ló gbà á láyè, pé torí ẹ̀ ni Ṣáínà ò ṣe tíì gbé wọn mì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ọmọ Filipíìnì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ ìlú wọn sì máa ń ká mi lára gan-an.

Ìwé òfin ńlá wọn ti ọdún 1987 ò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ àtini ìbọn bíi ti Amẹ́ríkà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba lè pe ará ìlú kí wọ́n wá gbèjà orílẹ̀-èdè wọn. Òfin ìbọn gan-an, Republic Act 10591 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2013, ó le. O gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, wọ́n á yẹ ọpọlọ ẹ wò, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o ń lo oògùn olóró, wàá lọ kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbọn, kí ọlọ́pàá tó fún ẹ ní láísẹ́ǹsì, èyí tó kéré jù nínú ẹ̀ ò sì ju ìbọn méjì lọ. Kó o tó gbé e jáde nílé, ìwé àṣẹ mìíràn tún ni. Tí ìdìbò bá sì ti ń bọ̀, Comelec tó ń ṣètò ìdìbò á fòfin de gbígbé ìbọn káàkiri, ọlọ́pàá á wá dúró sójú títì láti máa yẹ mọ́tò wò.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni Danao, ìlú kan ní erékùṣù Cebu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ rọ ìbọn tí wọ́n ń pè ní paltik láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn. Nígbà tí Jàpáàn gba ilẹ̀ wọn nínú ogun àgbáyé kejì, irú àwọn alágbẹ̀dẹ yìí ló ń bá àwọn tó ń jà nínú igbó tún ìbọn ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ wà ní ẹ́ńjìn rúùmù, ọmọ Danao ni. Lọ́jọ́ kan nǹkan kan kán lára pọ́ǹpù wa, kò sì sí sípéà nínú ọkọ̀. Ó lọ mú irin kan tá a ti pa tì, ó fi fáìsì dì í mú, ó wá ń fi fáìlì ọwọ́ rin ín díẹ̀díẹ̀, á rin ín tán á gbé e sójú iná wò, á fi àtàǹpàkò pa á lára, á tún dá a padà sẹ́nu fáìsì, kò lo ẹ̀rọ kankan o. Kó tó dìrọ̀lẹ́ irin yẹn ti wọlé wẹ́kú. Chief wa, ìyẹn ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ọkọ̀, bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, ó ní lọ́wọ́ bàbá òun ni, ìbọn ìléwọ́ sì ni bàbá òun ń ṣe, pé ilé kan ń ṣe ọ̀pá ìbọn, ilé kejì ń ṣe ibi tí ọta ń wọ̀, ilé mìíràn ló ń tò ó pọ̀.

Irú ọwọ́ báyẹn ni wọ́n ń lé kiri inú igbó bí olè. Lábẹ́ òfin 2013 yẹn, ẹni tó bá rọ ìbọn láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ló kéré jù, ó sì lè tó ọdún 40, tí wọ́n bá tiẹ̀ ká irinṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ lásán, ẹ̀rí nìyẹn lójú òfin àfi tó o bá lè já a nírọ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n má dẹ́kun ẹ̀ o, paltik ti dọ́wọ́ adigunjalè àti apààyàn, ó tiẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn yakuza, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ní Jàpáàn. Àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọlọ́pàá á kó wọn lónìí, ọmọ wọn á tún jókòó sídìí fáìsì lọ́la, torí kí ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe?

Wọ́n sì ti rí ọ̀nà àbáyọ tẹ́lẹ̀ o. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ìjọba jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn kóra jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní láísẹ́ǹsì, ilé iṣẹ́ ìbọn Shooters Arms tó bẹ̀rẹ̀ ní Cebu lọ́dún 1992 náà gba alágbẹ̀dẹ Danao síṣẹ́, ìbọn wọn sì ń lọ sókè òkun. Armscor, ilé iṣẹ́ ìbọn tó wà ní Marikina lẹ́bàá Manila ńkọ́? Amẹ́ríkà gan-an ń ra ìbọn wọn.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní ìbọn inú ilé ló ń dáàbò bo orílẹ̀-èdè. Ní June 17, 2024, àwọn ará Ṣáínà gbé ọ̀bẹ àti àáké wá bá ọkọ̀ rọ́bà àwọn sójà Filipíìnì ní Second Thomas Shoal, ibì kan lójú òkun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ń jà lé lórí, àtàǹpàkò ọmọ ogun ojú omi kan gé lọ́jọ́ náà. Ìbọn ìléwọ́ inú pálọ̀ ta ló fẹ́ ran ìyẹn lọ́wọ́ láàárín òkun? Ibi tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe sójà, irú ẹ̀ náà la rí ní Maguindanao, ìpínlẹ̀ kan ní Filipíìnì, ní November 2009, tí àwọn ọmọ ogun olóṣèlú kan pa èèyàn 58, oníròyìn 32 wà nínú wọn. Oníròyìn 32 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, olóòtú!

Ní October 2024 Ààrẹ Marcos fọwọ́ sí òfin tuntun, Republic Act 12024, pé kí Filipíìnì máa ṣe ohun ìjà fúnra ẹ̀. Bàbá ẹ̀ tóun náà ṣe ààrẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 1974, débi pé ilé iṣẹ́ Elisco Tool ń ṣe M16, ìbọn àwọn sójà, níbẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí iṣẹ́ tuntun yìí má lọ parí sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Manila nìkan. Kí wọ́n fún àwọn ìsọ̀ Danao ní láísẹ́ǹsì, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà sára gbogbo ohun tó bá tọwọ́ wọn jáde, kí ilé iṣẹ́ ọta ìjọba tó wà ní Limay sì gbé iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà ara ìbọn fún wọn ṣe. Ìjọba á ní òun ò lè fọkàn tán wọn. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn ńkọ́, ṣebí abẹ́ òfin ni wọ́n ti ṣiṣẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà yìí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àpápá, Èkó