Ẹwà Ghost in the Shell: Arise Kọ́ Ni Àléébù Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka àyẹ̀wò tí ẹ gbé jáde lórí Ghost in the Shell: Arise, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé fíìmù áníìmè náà, ìyẹn fíìmù tí àwọn ará Japan fi àwòrán ṣe, dùn-ún wò ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo, àti pé kò sí ohun tuntun nínú àtúnbẹ̀rẹ̀ yìí ju irun Motoko Kusanagi, akọni obìnrin inú ìtàn náà, tí wọ́n yí padà àti aṣọ pupa tí wọ́n wọ̀ fún un. Mo gbà pé àléébù wà lára iṣẹ́ náà, kò sì kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí òǹkọ̀wé yín nawọ́ sí ló wà.

Apá kìíní, Ghost Pain, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni Production I.G gbé e jáde. Kazuchika Kise ni olùdarí àgbà, Tow Ubukata ló sì kọ ìtàn rẹ̀. Kise kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí ó wà lára àwọn tó bójú tó iṣẹ́ yíyàwòrán nínú fíìmù Ghost in the Shell àkọ́kọ́ tí Mamoru Oshii ṣe ní ọdún 1995. Òǹkọ̀wé yín tún bínú pé wọ́n gba ipa Motoko lọ́wọ́ Atsuko Tanaka, tí ohùn rẹ̀ ti di ohùn ọmọbìnrin náà sí wa létí. Ìbínú yẹn yé mi. Síbẹ̀, Maaya Sakamoto tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà ni ó fọhùn fún Motoko ní ìparí fíìmù 1995, nígbà tí ó jí sínú ara ọmọdé. Ohùn yẹn gan-an ni wọ́n tún gbé wá fún Motoko tí kò tíì di ògbóǹtarìgì, mi ò sì rí bí wọ́n ṣe lè yan ẹlòmíràn tó yẹ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo ni mi ò lè gbà rárá. Ọdún 2027 ni ìtàn náà wáyé, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kẹrin. Wọ́n ti pa Mamuro, ọ̀gá Motoko lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ẹ̀sùn rìbá sì ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Aramaki, ọ̀gá ẹ̀ka ààbò ìjọba kan, ní kí wọ́n hú sàréè rẹ̀, wọn kò bá òkú nínú pósí. Àdó olóró, ìyẹn rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin, ni wọ́n bá níbẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ipò tí Motoko fúnra rẹ̀ wà: inú ara àtọwọ́dá ni ó ti dàgbà, kò mọ ara mìíràn, ẹ̀ka iṣẹ́ ológun 501 ni ó sì ni ara náà, kì í ṣe òun. Ohun ìjà tí wọ́n mọ bí obìnrin ń bá obìnrin tí wọ́n kà sí ohun ìjà jà. Ojú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà dán, ó mọ́, kò sì sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú Motoko náà dán bíi tiwọn, débi pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí nígbà tí mo ń wò ó. Ẹwà tí òǹkọ̀wé yín pè ní òfìfo ló ń sọ ìtàn náà fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìrántí ló wúwo jù lọ. Kòkòrò kọ̀ǹpútà ti wọ inú ọpọlọ Motoko, ó sì ti gbin ìrántí èké síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí ó lè búra pé òun fojú òun rí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń wò ó ti gba àwòrán náà gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni a fi ń wo gbogbo nǹkan. Orin tí Cornelius ṣe, tó ń já tó sì ń so, bá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ègbè àwọn obìnrin tí Kenji Kawai, tó ṣe orin fíìmù Oshii, fi mú wa gbọ̀n rìrì ní 1995.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 58 péré ni wọ́n há gbogbo èyí mọ́, ibẹ̀ sì ni àléébù náà wà. Nínú fíìmù Oshii, ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lábẹ́ afárá, Motoko sì ń wo obìnrin kan tí ó ní ojú bíi tirẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni a fi mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ghost Pain kò ní àyè fún irú rẹ̀. Kété tí àṣírí ìrántí èké tú, àlàyé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àlàyé: ta ló gba owó, ta ló pa ẹ̀rí rẹ́, kí ni Mamuro ń gbèrò fún Motoko. Ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ara rẹ̀ yẹ kí ó jókòó díẹ̀, kí a sì jókòó tì í. Ogún ìṣẹ́jú sí i ì bá ti tó.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ yẹ àwọn apá mẹ́ta yòókù wò, kí ó fi ọ̀rọ̀ irun àti aṣọ sílẹ̀, kí ó sọ fún wa bóyá wọ́n fún Motoko láyè láti ṣọ̀fọ̀ ohun tí wọ́n jí nínú ọpọlọ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Ìbàdàn