Ìkéde fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Lílẹ Àmì Ewu Mọ́ Ẹrù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó lẹ àmì ewu mọ́ páálí, ẹ nu ojú rẹ̀ kó gbẹ. Eruku àti epo kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Àmì náà gbọ́dọ̀ tó mílímítà 100 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó dúró lórí igun rẹ̀, lójú páálí kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà UN (nọ́ńbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń dá ọjà eléwu mọ̀). Ẹ má ṣe jẹ́ kó ká kọjá etí páálí, kí okùn tàbí téèpù má sì bò ó. Bí ọjà bá ń gbiná tó tún ní májèlé, ẹ lẹ àmì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Páálí àlòkù ló ń kọ wá lóminú jù. Ẹ ya àmì àtijọ́ kúrò tàbí kí ẹ bò ó pátápátá: ohun tí panápaná bá rí lára rẹ̀ ni yóò gbà gbọ́.