Sí ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń dúró de ipa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn yín. Ẹ mọ eré ṣe, àmọ́ ipa ìyàwó tó ń sunkún lẹ́yìn ọkọ nìkan ni wọ́n ń fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Marie Jones, òṣèrébìnrin ọmọ Belfast, ní Àríwá Ireland.

Ní 1983, tí ìbọn àti bọ́ǹbù ṣì ń dún nígboro Belfast, òun àti òṣèrébìnrin mẹ́rin mìíràn ò ríṣẹ́ gidi ṣe, nítorí eré ọkùnrin ló pọ̀. Wọ́n tọ Martin Lynch, òǹkọ̀wé eré kan, lọ pé kó kọ eré fún àwọn. Ó ní kí wọ́n jókòó, kí àwọn jọ kọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ Charabanc ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọn ò kàn fi orí ara wọn gbé ìtàn kalẹ̀ o. Wọ́n lọ bá àwọn ìyá àgbà tó ti ran òwú ọ̀gbọ̀ nílé iṣẹ́ rí, wọ́n sì tẹ́tí. Ní 1911, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣòfin pé ẹni tó bá kọrin, tó rẹ́rìn-ín, tàbí tó tún irun ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yóò san owó ìtanràn. Ẹ gbọ́, ẹ̀rín lásán! Àwọn obìnrin náà daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ò tẹ ohun tí wọ́n ń jà fún, James Connolly, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí gbogbo wọn jọ fi orin wọlé padà, bí wọ́n bá sì lé ẹnì kan jáde, kí gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Inú ìtàn yìí ni ẹgbẹ́ Charabanc ti yọ eré 'Lay Up Your Ends', tí wọ́n sì gbé e kiri gbọ̀ngàn àdúgbò, ti Kátólíìkì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ìhà méjì tí ìjà ìgboro náà pín níyà.

Jones kọ eré 'Stones in His Pockets' lẹ́yìn náà, níbi tí òṣèré méjì péré ti ń ṣe gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn. Eré náà gba Olivier, ẹ̀bùn ńlá fún eré orí ìtàgé, ní London ní 2001. Ó dára, àmọ́ jíjókòó tó jókòó ti àwọn ìyá àgbà yẹn ló wú mi lórí jù.

Ìyá arúgbó tó ń gbé lójúde yín, ẹ lọ kí i lọ́la. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kà léèwọ̀ fún un nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá yín