Ẹ má fọ owó fàdákà ọba Faransé

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ yín lórí owó àtijọ́ dùn ún kà, ṣùgbọ́n a ò lè dákẹ́ sí ibì kan níbẹ̀: pé kí ẹni tó bá ra owó fàdákà ayé àwọn ọba Faransé fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ kó lè dán, kó sì sá fún èyí tí ojú rẹ̀ bá ní ilà. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ á ba owó jẹ́, ìkejì á jẹ́ kéèyàn fi ojúlówó sílẹ̀.

Ẹ wo écu, owó fàdákà ńlá ilẹ̀ Faransé, ayé ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́dún 1726. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 29.5. Bí fàdákà tí wọ́n gé bá wúwo jù, wọ́n á fi fáìlì ìhárin ha á títí yóò fi bá ìwọ̀n mu, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ kì í sì í pa gbogbo ilà náà rẹ́, pàápàá níbi irun ọba. Bí ilà bá tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí inú wọn ṣú bí ara owó yòókù, tí etí wọn sì ti tẹ́, ilé ìrọwó ló ha á. Èyí tí inú rẹ̀ ń kọ mànà, tí etí rẹ̀ yọ sókè, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ha á. Ìyẹn nìkan ni àléébù.

Ti Louis Kẹrìnlá tún le jù bẹ́ẹ̀. Láti 1690, ogun ń gbówó, ìjọba rẹ̀ wá ń kó owó àtijọ́ wọlé, wọn ò yọ́ ọ, òǹtẹ̀ tuntun ni wọ́n ń lù lé e lórí. Ẹ lè rí lẹ́tà ti tẹ́lẹ̀ tó ń yọjú lábẹ́ imú ọba. Tayọ̀tayọ̀ la fi ń ra irú rẹ̀.

Ọ̀wọ́n owó kò sí nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún àti ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Àmì ara owó ló ń sọ ìlú náà: A ni Paris, D ni Lyon, K ni Bordeaux, L ni Bayonne, W ni Lille, màlúù kékeré ni ti Pau. Lórí écu Louis Kẹrìndínlógún, àmì tóóró kan lábẹ́ D inú LUD (ìkékúrú orúkọ Louis ní èdè Látìn) túmọ̀ sí pé ìdajì kejì ọdún ni wọ́n rọ ọ́. Irú àmì báyìí ni ọṣẹ ìfọyín máa ń họ lọ.

Ayédèrú ńkọ́? Ẹ wọn owó náà ní gbígbẹ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kẹ́ ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ gbọn ìfófòó afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn dànù, torí ó ń tan òṣùwọ̀n jẹ. Fún écu tí lílò kò tíì jẹ ara rẹ̀, òṣùwọ̀n á ka nǹkan bíi gíráàmù 2.85, ìyẹn ìwọ̀n omi tí owó náà gba àyè rẹ̀. Ẹ fi èyí pín ìwọ̀n àkọ́kọ́: ojúlówó á fún yín ní nǹkan bíi 10.3, kódà bí lílò bá ti jẹ ara rẹ̀ díẹ̀. Bó bá já sí 9, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ tún yí etí rẹ̀ wò. Ayédèrú tí wọ́n dà sínú àwòṣe sábà máa ń ní ojú ìsopọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìn etí rẹ̀, DOMINE SALVUM FAC REGEM (Olúwa, gba ọba là), tó yẹ kó mú ṣáṣá á sì rí bàìbàì.

Ohun kan ṣoṣo tá a gbà kí ẹ yọ ni ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí náílọ́ọ̀nù ìpamọ́ burúkú máa ń fi sára owó. Ẹ rì í sínú acetone gidi (oògùn olómi tó ń yọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó sì tètè ń gbaná), ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sún mọ́ iná. Ẹ má fi aṣọ nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín tó ń kó owó àtijọ́ jọ