Oúnjẹ ẹja tí kò ní jẹ èrè rẹ tán: lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá yín náà ń kí yín.

Mo gbọ́ ohun tí o fi ránṣẹ́, pé o fẹ́ pa oúnjẹ inú àpò tì pátápátá, kí o máa fi òkú adìẹ àti ìdin inú ìgbẹ́ adìẹ bọ́ ẹja rẹ. Owó oúnjẹ ló ká ọ lára, mi ò sì dá ọ lẹ́bi. Nínú iṣẹ́ ẹja àrọ̀, bí ènìyàn bá ná 100 náírà kí ẹja tó dé ọjà, 60 sí 70 nínú rẹ̀ ni oúnjẹ ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n ní sùúrù, kí n sọ bí mo ṣe rí i fún ọ kí o tó fọwọ́ kan adágún kankan.

Ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ inú àpò wà lára ohun tó mú kó wọ́n tó báyìí. Òkun Peru ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti ara ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní anchoveta. Lọ́dún 2023, omi òkun ibẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ ẹja ló sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń rí, ni ìjọba wọn bá fagi lé ìgbà ìpẹja àkọ́kọ́ ọdún náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù Òkúdù, ni wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là fò sókè. Méjèèjì bọ́ lé wa lórí pọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kò sàn: ilé iṣẹ́ wà ní Mauritania, Senegal àti Gambia tó ń lọ ṣáwá di ìyẹ̀fun fún àwọn ẹran ọ̀sìn, ṣáwá tí àwọn obìnrin etíkun ibẹ̀ ìbá yan tà fún aráàlú. Inú mi kì í dùn pé ká gba ẹja lẹ́nu ọmọ ẹlòmíì ká fi bọ́ ẹja tiwa. Nítorí náà, bí o bá ní o fẹ́ dín ẹja lílọ̀ kù, mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbáágbá. Ọ̀nà tí o fẹ́ gbà ni mi ò fọwọ́ sí.

Má ṣe fi iye tí wọ́n ń ta àpò díwọ̀n oúnjẹ. Iye tí o ná kí ẹja tó fi kílò kan kún ara ni kí o máa wò. Jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Bí kílò oúnjẹ tó dára bá jẹ́ 1,500 náírà, tí ẹja sì jẹ kílò kan àti díẹ̀, ká ní 1.2, kó tó fi kílò kan sanra, 1,800 náírà lo ná. Bí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú bá jẹ́ 1,000 náírà, tó sì gba kílò méjì ààbọ̀ kí ẹja tó fi kílò kan sanra, 2,500 ni. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì? Ẹja ti èkejì yóò tún pẹ́ nínú omi, o óò máa ra epo tí o fi ń fa omi, o óò máa sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ra ìwọ̀n, kí o sì máa kọ gbogbo oúnjẹ tó wọ adágún sílẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá òun ń jèrè.

Àwọn ọmọ ẹja tó ṣì ń jẹ oúnjẹ oníhóró 2 mm àti 3 mm, má fi oúnjẹ tí o pò fúnra rẹ bọ́ wọn. Purotéènì tí wọ́n nílò nígbà yẹn tó 40 sí 45 nínú 100, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò sì tíì pọ̀, owó tí o máa rí fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó bá sì kù sẹ́yìn nínú wọn, ìwọ náà mọ̀ pé àrọ̀ ń gbé ọmọ ìyá rẹ̀ mì. Ìgbà tí wọ́n bá ti dàgbà tó láti jẹ 4 mm sókè ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í fi tìrẹ kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni àpò ń tán kíákíá.

Èyí tí màá pò fún ẹja tó ti ń dàgbà nìyí, nínú 100 kílò: sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, 30, kúlíkúlí, 20, àgbàdo lílọ̀, 18, ìdin gbígbẹ, 15, ẹja lílọ̀, 10. Méje tó kù jẹ́ ti epo pupa, sítáàṣì tí yóò mú un lẹ̀ pọ̀, egungun lílọ̀, iyọ̀ díẹ̀ àti èròjà fítámì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìẹ. Bí o bá ṣírò purotéènì inú wọn, yóò tó bíi 36 nínú 100, ó sì tó fún ẹja tó ti le. Kúlíkúlí tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí tí à ń fi mu gàrí o. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún òróró ẹ̀pà, kí o ra èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ṣẹ́ ẹ, kí o gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti bu, má gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, torí oró wà nínú ẹ̀pà tó bu tó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹja jẹ́. Bó bá sì jẹ́ odindi sóyà lo rà, yan án dáadáa kí o tó lọ̀ ọ́. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ẹja rí purotéènì rẹ̀ lò, iná ló ń pa á.

Ìdin tí mo kà sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìgbẹ́ adìẹ tí o ń sọ. Ti eṣinṣin kan ni, gígùn, dúdú, tí wọ́n ń pè ní black soldier fly. Ó wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó dàgbà nínú rẹ̀ kì í wá bà lé oúnjẹ nínú ilé ìdáná bíi ti eṣinṣin inú ilé, torí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Èso tó ti rọ̀ jù, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eèrí ògì, àjẹkù ewébẹ̀ ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ń jẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó ti sanra. Da omi gbígbóná lé e, sá a kó gbẹ kangbe, kí o lọ̀ ọ́. Purotéènì rẹ̀ tó 40 nínú 100 nígbà tó bá gbẹ, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ kó má baà yí òórùn padà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú agbada wọn, kí ìyàwó mi dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ìdin yìí gan-an, Àkànní: ó ń kó ìdọ̀tí kúrò lójú ọjà, owó rẹ̀ kì í sì tẹ̀ lé dọ́là.

O bi mí nípa èèpo pákí. Ó dára, ṣùgbọ́n ipò àgbàdo ló lè bọ́ sí, kò lè bọ́ sí ipò sóyà, torí purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ̀rẹ̀ látorí ìdá kan nínú mẹ́rin àgbàdo rẹ. Má sì jù ú sínú omi ní tútù, oró wà lára rẹ̀. Mọ́níyà tí o wà kò jìnnà sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn: wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò, á wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sá a tàbí kí wọ́n yan án. Lọ béèrè níbẹ̀.

Òkú adìẹ ńkọ́? Mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò. O ò mọ àìsàn tó pa á, o ò mọ oògùn tí wọ́n ti fún un. Omi rẹ á bàjẹ́, òórùn rẹ̀ á wọ ara ẹja, àwọn oní-point-and-kill á sì sọ fún ara wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹja yìí ni ẹlòmíì ń se ata rẹ̀ fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ohun tí o kò bá lè fojú rí kí o tún jẹ ẹja náà, má fi bọ́ ọ.

Oúnjẹ tí o bá fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ máa ń rì sínú omi ni, kì í léfòó bíi ti inú àpò, nítorí náà o ò ní rí èyí tó ṣẹ́ kù. Ojú kan náà ni kí o máa dà á sí, díẹ̀díẹ̀, ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìjà wọn bá ti ń rọlẹ̀, ṣíwọ́. Oúnjẹ tó jẹrà nísàlẹ̀ adágún ń di oró nínú omi, ẹja á sì kọ oúnjẹ ọjọ́ kejì. Má fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa dà á bó ṣe wù ú.

Má dá ra sóyà. Àwọn olùsìn ẹja ní Eriwe nítòsí wa níbí kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì rí i pé agbára ìnájà wọn kì í ṣe ti ẹnìkan. Wá ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin ní àgbègbè rẹ, kí ẹ jọ ra tọ́ọ̀nù kan nígbà ìkórè, láti oṣù Ọ̀wàrà sí Ọ̀pẹ, kí ẹ tò ó sórí pákó níbi tí òjò kò dé.

Kọ́kọ́ dán oúnjẹ tí o pò wò lára ẹja díẹ̀. Kó igba ẹja tó dọ́gba sínú tàpólì kan, igba mìíràn sínú èkejì. Fi oúnjẹ àpò bọ́ ìkínní, fi èyí tí o pò bọ́ èkejì. Máa wọn díẹ̀ nínú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye oúnjẹ tí o dà fún wọn. Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀rọ ìtẹ-oúnjẹ tí wọ́n ní kí o wá rà.

Èmi ni ìyá rẹ.