"Gígun" Àráfà ló kó bá wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìròyìn yín tí mo kà kẹ́yìn, ẹ gbé àwòrán Òkè Àánú tó wà ní pápá Àráfà lẹ́bàá Mẹ́kà jáde, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jabal al-Rahmah. Èèyàn funfun báláú lórí ẹ̀ bí ọ̀wọ́ lékeléke. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé àwọn tó lọ Hájì "gun Àráfà." Mi ò bá yín jà, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "gun" yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ọdún 2023 ni èmi lọ. Nínú àgọ́ àwa obìnrin ní ọjọ́ Àráfà, ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, orúnkún wọn méjèèjì wú. Bí a ṣe kírun Àìlà pọ̀ mọ́ Alásárì tán, rákà méjì méjì, ni wọ́n bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá bi mí nílé pé ṣé mo gun Àráfà, kí ni n ó wí? Ẹsẹ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn!"

Mi ò rí èsì gidi fún wọn, torí òkè náà lèmi náà ń wò. Mo rẹ ìborùn mi sómi, mo gbéra.

Òkè ọ̀hún kò ga bí a ṣe ń rò ó. Bí 70 mítà ni, àpáta ni, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí i lára, òpó funfun kan sì dúró sí góńgó. Èrò ló wà níbẹ̀. Oòrùn ń jó mi lórí, àpáta ń jó mi lẹ́sẹ̀, bàtà mi ọ̀tún sì já níbi àtẹ̀gùn. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fi báírò kọ orúkọ sára òkúta. Mo rí àwọn tó ń fọwọ́ pa òpó tí wọ́n ń fi í pa ojú. Àdúà tèmi ńkọ́? "Ọlọ́hun, má jẹ́ kí n ṣubú." Òun nìkan ni mo ń ṣe títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, oòrùn ti ń rọ̀. Ìyá wà lábẹ́ igi dóńgóyárò (igi yẹn ni wọ́n gbìn kún ilẹ̀ Àráfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀), wọ́n kọjú sí kíbílà, ìhà Káábà. Ọmọbìnrin kan ń ka orúkọ fún wọn láti inú ìwé kékeré kan: ọmọ, ọmọ-ọmọ, ará àdúgbò. Orúkọ kan á jáde, ìyá á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á sọ ohun tí onítọ̀hún ń tọrọ, wọ́n á ní, "Ó kàn." Ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo bá wọn. Ìwé orúkọ tèmi wà nínú báàgì, bí mo ṣe ká a láti ilé ló wà.

Lálẹ́, níbi tí a ti ń ṣa òkò tí a ó fi sọ Èṣù ní Muzdalifah, ibi tí a sùn lẹ́yìn Àráfà, ìyá bi mí pé báwo ni orí òkè ṣe rí. Mo ní ó gbóná.

Ìdúró ni Hájì ń bèèrè lọ́wọ́ wa ní Àráfà. Wuqūf ni Lárúbáwá ń pè é, ìdúró sì ni ìtumọ̀ ẹ̀. Nígbà Hájì ìdágbére, ọdún 632, ẹsẹ̀ òkè náà, lẹ́bàá àwọn òkúta, ni Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) dá ràkúnmí ẹ̀, Qaswa, dúró sí, ó kọjú sí kíbílà títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun dúró sí o, ṣùgbọ́n gbogbo Àráfà ni ibùdúró. An-Nawawi, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti kọ ọ́ láti ohun tó lé ní 700 ọdún pé òkè gígun táwọn èèyàn sọ di dandan yìí kò ní ìpìlẹ̀.

Ààlà Àráfà ló yẹ kó máa já wa láyà. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè ńláńlá ni wọ́n fi sàmì sí i. Àfonífojì Uranah kò sí nínú Àráfà, iwájú mọ́sáláṣí Namirah pàápàá bọ́ síta. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń ṣàdúà láti ọ̀sán, tí kò wọ inú Àráfà rárá kí àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù Hájì tó là, kò ní Hájì. Mi ò rí ẹni tó sunkún nítorí ìyẹn nínú àgọ́ wa. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe kí a tó lọ, bí a ó ṣe di ẹrù la fi ọjọ́ méjì kọ́.

Lọ́dún 2025, ìjọba Saudi ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò nínú àgọ́ ní Àráfà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nítorí ooru. Ìyá arúgbó tó gbà pé àìgun òkè ti ba Hájì òun jẹ́ kò ní gbọ́ irú ìkìlọ̀ yẹn.

Nítorí náà, olóòtú, ẹ bá wa fi "dúró ní Àráfà" rọ́pò "gun," kẹ́ ẹ sì ya àwòrán ààlà yẹn síwájú ìwé, kí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tó gbéra lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Rófíátù