Iná Físíò Kì Í Ṣe Iná Tó Ń Gbé Ènìyàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí l'Óṣogbo, ìyẹ́ adìyẹ ni mo sì fi ń kọ ọ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń di ìyẹ́ mú ló mú lọ. Ọwọ́ ń bẹ lára mi, kò kàn gbọ́ tèmi mọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣòfò nítorí iná. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá àti ẹ̀rọ tọ́jú ara tó rọ ní ilé ìwòsàn, ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ oníná sí mi lápá, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá fárígá: "Ẹni tí wọ́n ta lọ́fà, ẹ tún fẹ́ kí iná gbé e?" Wọ́n gbé mi padà sílé, wọ́n ń fi òrí ra mí lápá. Mi ò bínú sí wọn, ìfẹ́ ni.

Àbúrò mi obìnrin ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi padà lọ. Ẹ̀rọ náà kò ju fóònù lọ, bátìrì ló ń lò. Físíò lẹ nǹkan pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹ̀yìn apá mi, nísàlẹ̀ ìgbúnwọ́, ó ń rọra yí iná sókè, ó ń bi mí bó ṣe rí. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára. Ìgbà tó yá, ọwọ́ mi tó ti ń já wálẹ̀ gbéra sókè. Mo sunkún.

Físíò ní iṣan apá mi kò kú, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná ló ń bá a jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iná bá dé, ariwo ni físíò yóò máa pa: "Mà, ẹ̀yin náà ẹ gbé e!" Ẹni tó bá kàn jókòó tó ń wo ẹ̀rọ, èrè rẹ̀ kéré.

Nǹkan yìí kì í sì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1961, dókítà kan, Wladimir Liberson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń fi irú iná yìí gbé ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ fún aláìsàn bíi tèmi. Inú bàtà ni ohun tó ń tan án wà: bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, iná dé, iwájú ẹsẹ̀ á gbéra.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rà á lẹ̀ mọ́ra fúnra rẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, aláboyún àti ẹni tó ní egbò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún físíò kó tó tan án.

Ìyẹ́ ti ń dúró láàárín ìka mi báyìí, bí ìlà tí mò ń fà kò tilẹ̀ tíì gún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe físíò kan wá sí ojú ìwé ìlera yín. Kí ó bá àwọn ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀, torí àwọn ló ń pinnu fún wa nígbà tí a bá dùbúlẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Aládìrẹ,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.